Ọjọ́ Tí Amọ̀ọ́tán Ní Òun Ò Mọ̀ Ọ́n

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù dún ní ọ́fíìsì wa. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí eré wa bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́ tí wọn kì í lè mú sùúrù ni. Obìnrin kan ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ulé iṣẹ́ rédíò nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ẹ bá mi pe Amọ̀ọ́tán. Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́. Ejò ti bu Bàbá Dáre jẹ, ó ní òun ò ní í kúrò níbi tí òun wà títí Amọ̀ọ́tán á fi dárúkọ ewé yẹn."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí. Ọkùnrin kan ti pè wá rí pé kí Amọ̀ọ́tán bá òun wo ibi tí ewúrẹ́ òun gbà. Ẹlòmíì ní kó bá òun bá ìyá ọkọ òun wí. A mọ irú àwàdà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kérora, kò sì jọ kíkérora àwọn òṣèré wa rárá. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Amọ̀ọ́tán fún un yín, torí èmi ni mo bí i. Ohun tó bá sì ṣe, ọrùn èmi ìyá rẹ̀ ló wà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ìwé girama kí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà lórí òkè ilé ìtajà aṣọ ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbí ní Adó-Èkìtì, tó ní kí n wá máa kọ eré fún wọn. Mo kọ ìtàn ìjọba kan tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Ọba wà níbẹ̀, ẹranko olórí mẹ́ta wà níbẹ̀, akínkanjú ọdẹ wà níbẹ̀, àgbà ọkùnrin kan sì ń gbé inú ihò àpáta, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà láyé ló mọ̀. Ó mọ kánàkò, á ká ọ̀nà jọ bí ẹni ká ẹní, á sì ti dé ibi tó ń lọ kí ọbẹ̀ tó hó. Ó mọ àféèrí, á pòórá lójú ọ̀tá. Ó gbọ́ èdè ẹyẹ. Mo pè é ní Amọ̀ọ́tán. Bí ẹ bá ti ka ìwé ìtàn àròsọ onídán rí, ẹ mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀: irùngbọ̀n funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò fẹ́ jọba, kò fẹ́ ìyàwó, ìlú ni kó ṣáà dára. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn wọn. Èmi náà fẹ́ràn tèmi débi pé mi ò jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.

Ẹni tó ń fún un lóhùn ni Bàbá Ajíbádé, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fún un ní ìwé eré, ó kà á dé ìlà kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Yétúndé, o kọ 'oṣó' síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi tí mò ń gbé àgbélébùú síwájú ìjọ? Oṣó kẹ̀?"

Ọjọ́ méjì la fi dúnàádúrà. Níkẹyìn a gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní í pe Amọ̀ọ́tán ní oṣó lórí rédíò wa, àgbà ọlọ́gbọ́n la ó máa pè é. Ó ní òun ò ní í pe orúkọ òrìṣà kankan, òun á sì máa gbàdúrà kí òun tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo gbà, torí ohùn tí Ọlọ́run fún bàbá yìí kò lẹ́gbẹ́. Bó bá kí yín pé ẹ káàárọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ wojú ọ̀run kí ẹ tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní ti ọkàn rẹ̀ o. Ọmọńlé kan yọ lára ògiri sítúdíò lọ́jọ́ kan, àgbà ọlọ́gbọ́n tó ń pàṣẹ fún ẹranko olórí mẹ́ta gun orí àga, ó ní kí n bá òun lé e.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní eré kíkọ, ọkùnrin arúgbó kan tí mo máa ń lọ kí ní ilé rẹ̀, gba ìwé eré mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, ó dá a padà, ó fi báírò pupa kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí èyí tó wà lókè: "Níbo ló ti ń dun Amọ̀ọ́tán?" Inú bí mi. Mo lọ fún Amọ̀ọ́tán ní orúnkún dídùn. Ọ̀gá ní orúnkún kọ́ ni òun ń bi. Ó ní àgbà tó bá mọ gbogbo nǹkan, tí kì í ṣì í, á pa ìtàn kú, torí ta ni á tún máa bẹ̀rù nígbà tó bá ti wà níbẹ̀? Ó tún ní àrùn ńlá kan wà lára irú bàbá bẹ́ẹ̀: iná á máa jó ilé, òwe ni yóò máa pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì ń bá tèmi lọ. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn òwe. Ìyẹn tó mi.

Ó wá ku ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ejò yìí. Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo jẹ́ kí ejò bu akínkanjú ọdẹ náà jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an, ẹni tó ń ṣe ọdẹ pè pé òun wà níbi ìsìnkú ní Ìjan-Èkìtì, òun ò ní í lè dé. Kí ẹ mọ̀ pé a kì í gbohùn eré wa sílẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é ni ayé ń gbọ́ ọ. Ọdẹ tí ejò bù jẹ wá di ọdẹ tí kò sí níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo mú báírò, mo fi ìlà kan sí Amọ̀ọ́tán lẹ́nu: "Ẹni tí ejò bá bù jẹ kò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ fọhùn, kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, títí ewé á fi kan ojú ọgbẹ́." Bí a ṣe rí ọ̀nà gbà nìyẹn tí ọdẹ fi dákẹ́ fún odindi ìdajì wákàtí. Mo fi ọwọ́ lu ara mi láyà pé iṣẹ́ ọpọlọ ni mo ṣe. Níparí, Bàbá Ajíbádé rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ewé kan ṣoṣo ló wà láyé tó ń pa oró yìí. Orúkọ rẹ̀ ni…" Orin sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. A máa ń dá ìtàn dúró síbi tó bá ti gbóná jù, kí àwọn olùgbọ́ má lè sùn.

Ẹnì kan kò sùn lóòótọ́. Bàbá Dáre yìí ni. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹmọ-Èkìtì, ó sì ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró de ewé mi.

"Irú ejò wo ni?" mo bi ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Paramọ́lẹ̀ ni. Ìrẹsì ló ń gé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú tó ẹsẹ̀ méjì."

"Ó ti pẹ́ tó?"

"Kò tíì tó ìdajì wákàtí. Àbúrò rẹ̀ ti gbé ọ̀kadà wá, ó ti ṣáná sí i, ó ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Kò gbà! Ó fẹ̀yìn ti igi, ó gbé rédíò lé itan, ó ní Amọ̀ọ́tán ní ẹni tí ejò bù jẹ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ìyá mi ò, ọkọ mi fẹ́ kú sí mi lọ́rùn!"

Mo ní kó fún un ní fóònù. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ eré náà, pé kó dìde, kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ewé náà ńkọ́?" Bó ṣe dá mi lóhùn nìyẹn.

"Bàbá, ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tí…"

"Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ewé, mo máa lọ. Amọ̀ọ́tán ni kí ẹ fún mi. Mi ò mọ̀ yín."

Mo sáré lọ bá Bàbá Ajíbádé níbi tó ti ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀pà. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní gbólóhùn méjì, mo ti fóònù sí i létí. Ẹ wò ó, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Bàbá nu ẹnu, ó tún jókòó dáadáa, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ti inú ihò àpáta.

"Ta ló ń ké ní ẹsẹ̀ òkè mi? Ọmọ ènìyàn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ…"

Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe fún un pé kó fi òwe sílẹ̀, kó sọ ọ́ ní tààrà. Kò rí mi. Ó ti dijú, bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn àgbẹ̀ náà nínú fóònù, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń bínú: "Ta nìyẹn? Àwọn oníjìbìtì ti pọ̀ jù lórí fóònù. Inú rédíò ni Amọ̀ọ́tán ti ń sọ̀rọ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń dúró dè." Bẹ́ẹ̀ ni ìlà já. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.

Bàbá Ajíbádé ń wò mí, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni," ó ní. "Mo rò pé… ó ti mọ́ mi lára ni."

Mo wo aago: mẹ́rin ku mẹ́wàá. Bí ọkùnrin yìí bá dúró de aago mẹ́rin ààbọ̀, oró á ti rìn jìnnà. Ohun tó sì tún ń dà mí lọ́kàn rú ju ìyẹn lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀: ewé tí mo kọ sínú ìwé eré ọjọ́ náà, mi ò mọ ohun tó ń wò. Mo mú un torí pé orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu. Bí a bá ṣe eré náà bí mo ṣe kọ ọ́, àgbẹ̀ yẹn á rán ìyàwó rẹ̀ wọ igbó lọ wá ohun tí mo fi dárà.

A gbọ́dọ̀ bọ́ sórí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sì wà lórí afẹ́fẹ́ lákòókò yẹn ni ìkéde òkú.

Ọ̀gá wa nílé iṣẹ́, Alhaja Ráfátù, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọdún pípẹ́ ló ti ń gbé Adó, síbẹ̀ kò tíì sú u láti máa fi èdè wa ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti pe "ulé" létí rẹ̀, á ní kí wọ́n tún un pè kí òun gbádùn. Obìnrin dídára ni, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kan wà tó le ju irin lọ: ọ̀rọ̀ tí òun kò bá fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Mo já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn.

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká dá ìkéde òkú dúró."

"Dá kí ni dúró? Ẹ̀yin Èkìtì yìí? Bí mo bá fi orúkọ ọmọ olóògbé kan sílẹ̀, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n rọ́nà kọjá ní Adébáyọ̀?"

"Bí a ò bá dá a dúró, orúkọ kan máa kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo rò ó fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú báírò.

"Kí lo fẹ́ kí Amọ̀ọ́tán sọ?"

"Kó sọ pé kò sí ewé. Kó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n."

"Amọ̀ọ́tán? Tí gbogbo ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gbọ́ wa? Yétúndé, ṣé o mọ̀ pé o lè pa eré rẹ lónìí?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kọ ọ́ wá."

Mo kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn ìwé eré. Ẹ gbà mí gbọ́, ó fọwọ́ sí i! Pẹ̀lú déètì! Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì ṣáájú mi dé sítúdíò.

Ẹni tó wá kù ni Bàbá Ajíbádé. Ẹnu ọ̀nà sítúdíò la ti bá a, ó ka ohun tí mo kọ, kò sì wọlé.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àwọn ọmọ á ní Amọ̀ọ́tán dé. Mo fi ogójì ọdún lẹ sítáǹbù, ẹnì kankan kò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí àfi ìgbà tí lẹ́tà máa dé. Ẹ jẹ́ kí Amọ̀ọ́tán fi ọgbọ́n rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣebí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n náà nìyẹn. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ní òun ò mọ̀?"

"Torí bó bá ku nǹkan díẹ̀ tí Amọ̀ọ́tán ṣì mọ̀, ewé ni ọkùnrin yẹn máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ gbọ́ bó ṣe bi mí. Títí a ó fi yọ ewé yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò ní í dìde."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù láàárín ọjà. Ó wọlé. Ẹni tó ń ka ìkéde dúró ní ìdajì orúkọ ẹnì kan, ó sì kúrò lórí àga fún un.

Iná pupa tàn. Bàbá dijú, mo sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi gbogbo," ohùn àpáta ló fi bẹ̀rẹ̀, "igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó…"

Mo gbá tábìlì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ Èkìtì ló gbọ́ ọ.

Bàbá lajú. Ó dákẹ́. Nínú iṣẹ́ rédíò, kò sí ohun tí à ń bẹ̀rù bí ìdákẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ẹni tó ń gbọ́ yín á rò pé rédíò òun ti bàjẹ́, á yí i kúrò. Mo ka mẹ́ta. Mo ka mẹ́rin. Alhaja wà lódìkejì gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lórí. Mo ka mẹ́fà. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi ohùn tó máa ń fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé bẹ̀rẹ̀, ohùn ọkùnrin Èkìtì lásán tí òógùn ti bo imú rẹ̀.

"Bàbá Dáre ará Ìgbẹmọ, èmi nìyí. Èmi ni mo máa ń ṣe Amọ̀ọ́tán. Ajíbádé lorúkọ mi, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́. Gbọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ ewé kankan. Kò sí ewé kankan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni mo kà á. Èmi tí ò ń dúró dè yìí, ọmọńlé lásán ni mò ń sá fún. Pé kó o má kúrò níbi tó o wà, irọ́ ni. Ẹni tó yẹ kó ṣe ọdẹ ni kò wá síbi iṣẹ́. Má fẹsẹ̀ rìn o, jẹ́ kí wọ́n gbé ọ sórí ọ̀kadà, kí ìyàwó rẹ jókòó sẹ́yìn rẹ kó dì ọ́ mú. Má ge ojú ọgbẹ́, má fi nǹkan kan sí i. Ilé ìwòsàn ni kó o máa bọ̀ tààrà. Mo bẹ̀ ọ́. Àgbà ni mí, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ ni."

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kankan kò lè rí i nínú rédíò, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ẹ̀rọ sì wà lókè orí rẹ̀, débi pé Alhaja ní láti sáré wọlé wá tẹ ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀ kí gbólóhùn tó kẹ́yìn má baà sọ nù.

A dá afẹ́fẹ́ padà fún àwọn òkú. A jókòó yí fóònù ká. Mo ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí ọkàn ti ń pòrúúrù láyé mi, mo máa ń kọ ọ́ pé àyà ẹni náà ń lù kìkì. Kìkì kọ́. Ńṣe ló dà bí pé àyà náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù dún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi nínú rẹ̀, ọ̀kadà ń ké, obìnrin náà sì ń pariwo bo gbogbo rẹ̀.

"A ti wà lójú ọ̀nà!"

"Báwo ni Bàbá?"

"Ó ń bú u yín!"

Alhaja ní èébú dáa, ẹni tó ń búni ṣì ń mí.

Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Bàbá Ajíbádé fi yíjú sí mi. "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ń bọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mi ò mọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lórí afẹ́fẹ́ báyìí?"

Òun ló tọ̀nà. Mo ya ìwé eré náà sí méjì. Mo ní ogún ìṣẹ́jú. Mo ń kọ, Alhaja ń gba ewé ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó ń fọwọ́ sí i láìkà á, irú èyí tí mi ò rí rí. Nínú ohun tí mo kọ, ìyàwó ọdẹ bi Amọ̀ọ́tán pé ewé wo ni. Amọ̀ọ́tán ní òun ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ní, "Kí la wá ń sìn ọ́ sí?" Amọ̀ọ́tán fẹ́ lo kánàkò, ọ̀nà kọ̀ kò ká. Ó wá ju ọ̀pá sílẹ̀, ó gbé ọdẹ pọ̀n sẹ́yìn, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà. Kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó má sùn.

Bàbá Ajíbádé kò lo ohùn àpáta lọ́jọ́ náà. Fóònù náà wà lórí tábìlì láàárín wa, a ti pa ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúdú. Gbogbo ìgbà tó bá sọ pé "Má sùn, ọmọ mi, má sùn," fóònù yẹn ló ń wò. Ẹni tó ń ṣe ọdẹ, tó ti ti Ìjan dé, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun.

Bí eré ṣe parí, Alhaja ní kí a má ṣí ìlà fún àwọn olùgbọ́, kí fóònù lè ṣófo. Wọ́n ṣáà ń pe àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Ọkùnrin kan ní ṣé Amọ̀ọ́tán ti di Aláìmọ̀kan ni. Obìnrin kan ní ọbẹ̀ òun jóná, òun ò sì bínú.

Aago mẹ́fà ku ogún ni ìyàwó àgbẹ̀ náà tó pè láti ilé ìwòsàn. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Wọ́n ti fún ọkọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, dókítà ní wọ́n tètè gbé e dé, wọ́n á ṣì máa ṣọ́ ẹsẹ̀ náà. Bàbá Ajíbádé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń sọ pé "Ògo fún Ọlọ́run, ògo fún Ọlọ́run," ní ohùn tí ẹnì kankan kò ní í tìtorí rẹ̀ wojú ọ̀run. Alhaja mú báàgì rẹ̀, ó wò wá.

"Ó yá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ulé."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ Amọ̀ọ́tán bí ẹni tó lè ṣì í. Ó ṣì lọ́gbọ́n. Ó ṣì ń ní sùúrù ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀ báyìí, ẹnì kankan kì í mọ̀ bóyá ó máa lè gbà wọ́n, òun náà kì í mọ̀. Àwọn kan kọ̀wé sí wa pé a ti ba bàbá náà jẹ́. Mo máa ń ka ìwé wọn fún Bàbá Ajíbádé, á ní kí n dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Nígbà tí wọ́n kórè ìrẹsì tán, ọkùnrin tín-ín-rín kan gun àtẹ̀gùn wa wá, ó ń tiro, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó kọjá lára Bàbá Ajíbádé lẹ́nu ọ̀nà láìwò ó. Àfìgbà tí Bàbá ní "Ẹ rọra o" ló dúró gbọnin, tó yí padà, tó sì di bàbá yẹn lápá mú. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó síwájú mi.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Ewé wo lo tiẹ̀ kọ síbẹ̀?"

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Bàbá Dáre wò mí, ètè rẹ̀ gbọ̀n, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ìyẹn? Ewúrẹ́ mi ló ń jẹ ẹ́!" Ó nu ojú. "Èmi ì bá sì fi ẹ̀mí mi dúró dè é. Ejò rẹ náà, kò dáa. O ní ó ké, ó gbé orí, ó wo ọdẹ lójú. Èyí tó bù mí jẹ kò ké, kò wò mí. Mo rò pé ẹ̀gún ni. Mo tún gé ìdì ìrẹsì kan sí i kí n tó bojú wolẹ̀."

Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fa ìwé mi sún mọ́ra, mo ṣí báírò.

"Bàbá, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Báwo ni ẹ̀gún yẹn ṣe rí lára yín?"